Pitch
Ìwọ̀n kan ni pitch jẹ́ lára pùròpẹ́là tó ń ti ọkọ̀ eré kékeré lórí omi. Ó ń sọ iye ínǹṣì tí pùròpẹ́là ì bá fi lọ síwájú bó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ká ní omi kì í yọ̀. Bí wọ́n bá kọ 13 x 19 sára rẹ̀, 13 ni fífẹ̀ rẹ̀, 19 ni pitch. Bó bá pọ̀ jù, ẹ́ńjìnnì á máa tiraka. Bó bá kéré jù, ẹ́ńjìnnì á sáré kọjá ààlà. Méjèèjì ló ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ìyàtọ̀ ínǹṣì kan péré nínú pitch sábà máa ń yí eré ẹ́ńjìnnì padà ní ìyípo 150 sí 200 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ wọ̀n ọ́n dáadáa kí ẹ tó ra pùròpẹ́là.