Láti Èkó dé Bàhíà: Wákàtí Mélòó Ni?

Ẹ mú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan wá, kí ẹ sì gbé máàpù ayé sílẹ̀. Bí ẹ bá ní èyí tó rí rogodo bíi bọ́ọ̀lù, ìyẹn ló dára jù. Ẹ fi okùn náà wọn ọ̀nà láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn ti Èkó sí ìlú Salvador ní Bàhíà, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì. Ọ̀nà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba! Ti Lọ́ńdọ̀nù tó kìlómítà 5,000. Ti Salvador fi díẹ̀ lé e, bíi 5,100.

Ọkọ̀ òfúrufú ń ti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù ní nǹkan bíi wákàtí 6 àbọ̀. Bí ọkọ̀ bá fò tààrà lọ sí Salvador, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí. Bí ẹ bá gbéra ní Èkó ní aago 8 àárọ̀, aago 10 àbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ náà ni ẹ ó bá lọ́hùn-ún, nítorí pé aago Èkó fi wákàtí 4 ṣíwájú tiwọn. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó ń lọ ní láti yí gba ìlú mìíràn kọjá, bóyá ní Yúróòpù pàápàá. Ó máa ń yà mí lẹ́nu, nítorí pé ojú ọ̀nà òkun yìí kò dá nígbà kan rí.

Ẹ̀fúùfù ló ń ti ọkọ̀ wọn nígbà náà, ìrìn náà sì lè gbà ju oṣù kan lọ. Òwò ẹrú ló kọ́kọ́ kó àwọn èèyàn wa gba ibẹ̀, pàápàá nígbà tí ogun tú Ọ̀yọ́ Ilé ká. Mi ò ní sọ bí inú ọkọ̀ ṣe rí fún àwọn ọmọdé lónìí. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin lẹ mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ sọ ọ́.

Ní oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí Yorùbá àti àwọn mìíràn dìde ogun ní Salvador. Wọ́n ń pè wọ́n ní Malê. (Ṣé ẹ gbọ́ “Ìmàle” nínú rẹ̀?) Ìjọba ṣẹ́gun wọn, ó sì lé ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà tó ti gba òmìnira kúrò nílùú. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti ń padà wálé, tí àwọn mìíràn ń fi owó ara wọn wọkọ̀. Àwọn tó dé Èkó là ń pè ní Àgùdà. Wọ́n mọ ilé kíkọ́ gan-an. João Baptista da Costa wà lára àwọn tó kọ́ mọ́sálásí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894.

Ọkọ̀ kò sì padà lófo. Obì, epo pupa, ọṣẹ dúdú àti aṣọ òfì ń lọ sí Bàhíà. Tábà àti ọtí ń bọ̀ ní Èkó. Lẹ́tà ń lọ, ó ń bọ̀ pẹ̀lú, nítorí ìdílé mìíràn wà tí bàbá wà ní Èkó, tí ọmọ wà ní Bàhíà. Nígbà tí òwò náà kú díẹ̀díẹ̀, ọ̀pọ̀ kò gbúròó ara wọn mọ́. Àwọn ìdílé da Silva àti Pereira ṣì wà ní Èkó. Ní Salvador, àwọn obìnrin ṣì ń fi epo pupa dín àkàrà lójú pópó. Acarajé ni wọ́n ń pè é.

Ó yá, ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi okùn yẹn wọn ọ̀nà láti ìlú tiyín dé Èkó. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé báyìí: “Ìlú mi jìnnà sí Èkó tó kìlómítà ...”