Ogún Nínú Ìfẹ́sọ́nà: Ìdílé Bennet àti Ìdájọ́ Ogún ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ìfẹ́sọ́nà àti ìgbéyàwó nínú Pride and Prejudice, ìtàn-àròsọ tí Jane Austen tẹ̀ jáde ní ọdún 1813. Ọ̀pọ̀ a máa ka ìwé náà sí ìtàn ìfẹ́ láàrin Elizabeth Bennet àti Darcy. Èrò tiwa ni pé ọ̀rọ̀ ogún ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, àti pé ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń pín ogún nílẹ̀ Yorùbá yóò tètè rí i bẹ́ẹ̀.

Ọmọbìnrin márùn-ún ni Bennet bí. Kò bí ọkùnrin. Ilẹ̀ rẹ̀ ń mú 2,000 pọ́n-ùn wọlé lọ́dún, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ìwé òfin so ó mọ́ àrólé ọkùnrin nìkan. Bí Bennet bá kú, Collins, ìbátan rẹ̀ tí kò bá wọn gbé rí, ni yóò gba ilé mọ́ opó àti àwọn ọmọ lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí ìyá wọn fi sọ ara rẹ̀ di alárinà fún ọmọ bíbí inú rẹ̀, tí a sì ń fi í rẹ́rìn-ín. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí Charlotte Lucas, ẹni ọdún 27, fi gbà láti fẹ́ Collins tí Elizabeth ti kọ̀. Charlotte mọ̀ pé ọkùnrin náà kò gbọ́n. Ilé tí yóò fi orí pamọ́ sí ni ó ń wá. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ọ̀nà wo ni ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá? Ní ọdún 1884, ìjọba amúnisìn ṣe Òfin Ìgbéyàwó ní Èkó. Òfin náà fi ìgbéyàwó oníyàwó kan lélẹ̀, ó sì mú ogún ẹni tí ó bá ṣe é bọ́ sábẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì. Ẹjọ́ Cole àti Cole ti ọdún 1898 fi agbára irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ hàn. Ọkọ kan tí ó ti ṣe ìgbéyàwó Kristẹni nílẹ̀ Sàró kú sí Èkó láì kọ ìwé bí a ó ṣe pín ogún rẹ̀. Arákùnrin olóògbé ní àṣà ìbílẹ̀ ni kí a tẹ̀ lé. Ilé-ẹjọ́ gíga gbè sẹ́yìn opó àti ọmọ rẹ̀.

A kò gbọdọ̀ tìtorí èyí sọ pé òfin Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń gbà obìnrin sílẹ̀. Nínú ẹjọ́ Lopez àti Lopez ní ọdún 1924, ilé-ẹjọ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé nínú àṣà Yorùbá, ọmọbìnrin ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ ìdílé bí ọmọkùnrin. Ní ọdún 1962, Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù fi ọwọ́ sí ìdí-igi nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole: iye ìyàwó tí ó bímọ ni a ó fi pín ogún. Síbẹ̀, ọmọ ló ń gba ìpín náà. Ìyàwó kì í jogún ọkọ rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, bí Bennet bá jẹ́ Yorùbá, àwọn ọmọ rẹ̀ kò ní í bẹ̀rù àti di aláìnílé. Opó tí kò bímọ ni ẹ̀rù ìbá máa bà.

Ní Ìlọrin, ọ̀nà kẹta tún wà. Ní àdúgbò bíi Challenge, ẹni tí wọ́n so yìgì fún, ẹni tí ó ṣe ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹni tí ìdána nìkan so pọ̀ mọ́ ọkọ ń ṣòwò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí Bennet bá jẹ́ Mùsùlùmí níhìn-ín, ìlànà Máálíkì yóò fún àwọn ọmọbìnrin márààrún ní ìdá méjì nínú mẹ́ta, yóò fún opó ní ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ìdá 5 tó kù nínú 24 yóò sì di ti ọkùnrin tí ó sún mọ́ olóògbé jù lọ níhà baba. Bí Collins bá jẹ́ ẹni náà, yóò rí tirẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n gbogbo ilé kọ́.

A rí i báyìí pé òfin ogún ló ń pinnu ẹni tí ìgbéyàwó ń bà lẹ́rù. Ọ̀rọ̀ náà kò parí sínú ìwé: ọ̀pọ̀ tọkọtaya ń ṣe ju irú ìgbéyàwó kan lọ láì bèèrè èyí tí yóò pín ogún wọn. Ìbéèrè tí ìyá Elizabeth ń pariwo rẹ̀ nìyẹn, kò sì yẹ kí a fi í rẹ́rìn-ín mọ́.