OMI ILẸ̀ BORNO: LÁTI ADÁGÚN CHAD DÉ DÁÀMÙ ALAU



Àwọn baba wa ní omi kò lọ́tàá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwa tí a fi Maiduguri ṣe ibùgbé ti rí ojú rẹ̀ méjèèjì. A mọ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí a máa ń wọ̀nà de mẹ́rúwà bí ẹni ń retí àlejò pàtàkì. A sì mọ òru tí omi lé ìdajì ìlú jáde nílé. Báwo ni ilẹ̀ kan náà ṣe ń ṣaláìní omi, tí omi tún ń gbé e lọ? Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ ní ṣókí.

IBI TÍ ILẸ̀ Ń KÓ OMI SÍ

Bí ilé ṣe ní àmù àti garawa, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ní ibi tó ń tọ́jú omi sí: adágún, odò, àbàtà, erùpẹ̀ tútù, àti omi abẹ́ ilẹ̀. Òjò àti odò ló ń pọn ọ́n kún. Oòrùn àti ọwọ́ ènìyàn ló ń bù ú. Ní Maiduguri, òjò ọdún kan kì í ju bí 600 mílímítà lọ, oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án ló sì ń rọ púpọ̀ jù. Ṣùgbọ́n oòrùn ń fa omi tó ga tó mítà 2 lójú Adágún Chad lọ́dọọdún. Òjò orí adágún nìkan kò lè gbé e ró. Odò Chari àti Logone, tó ń ti ìhà gúúsù ṣàn wá, ló ń gbé nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún omi odò tó ń wọnú rẹ̀ wá.

BÍ ADÁGÚN ṢE FÀ SẸ́YÌN

Ní 1823 ni àwọn òyìnbó arìnrìn-àjò Denham, Clapperton àti Oudney dé etí adágún yìí. Kukawa, tí kò jìnnà sí i, ni olú-ìlú Borno nígbà náà. Ní 1907 ni Shehu kó wá sí Yerwa, tí a ń pè ní Maiduguri lónìí, lẹ́bàá odò Ngadda. Ní 1964 ni ọkọ̀ ojú irin dé ìlú yìí, èyí tó mú kí ọ̀nà rọrùn fún ọ̀pọ̀ oníṣòwò wa láti wá síbí. Lọ́dún náà ni Nàìjíríà, Niger, Chad àti Cameroon dá Àjọ Adágún Chad sílẹ̀. Adágún náà fẹ̀ tó 25,000 kìlómítà níbùú lóròó ní 1963. Ó kù díẹ̀ kó tó Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ òde òní.

Ọ̀dá dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970. Ní 1973, adágún pín sí méjì, àríwá àti gúúsù. Ọ̀dá tún padà wá ní 1983 àti 1984, ohun tó ṣẹ́ kù kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́wàá.

Ọwọ́ ènìyàn wà ńbẹ̀ pẹ̀lú. Dáàmù Tiga (1974) àti Challawa (1992) ní ìhà Kano dín omi odò Yobe kù, àwọn ará etídò ìsàlẹ̀ sì mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣe ẹ̀tọ́: omi díẹ̀ ni Yobe ń gbé dé adágún. Àìrọ̀ òjò ló ṣe èyí tó pọ̀ jù. Ìjọba pàápàá ti ṣètò láti bomi rin hẹ́kítà 67,000 ní gúúsù adágún fún àlìkámà àti ìrẹsì. Wọ́n gbẹ́ ojú omi lọ bá adágún, adágún ń sá sẹ́yìn, ẹ̀rọ afami wá dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

OMI ABẸ́ ILẸ̀

Ìpele omi mẹ́ta ló wà lábẹ́ ilẹ̀ wa. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ ìpele àárín ní ọ̀pọ̀ ibi, omi fúnra rẹ̀ ló ń tú jáde láìlo ẹ̀rọ. Wọ́n fi ọ̀pọ̀ kànga bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láìní ìdérí, omi ń ṣàn tọ̀sán tòru, agbára rẹ̀ sì ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Omi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni. Òjò òde òní kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀. Ogún ni, kì í ṣe owó oṣù.

Láti 2002 ni àwọn onímọ̀ ti ń fi satẹ́láìtì méjì tó ń tọ ara wọn lẹ́yìn wọn omi ilẹ̀: níbi tí omi bá ti pọ̀ sí i, ilẹ̀ á fà wọ́n díẹ̀ sí i. Ìwọ̀n náà fi hàn pé omi agbègbè Chad kò dín kù mọ́ láti ìgbà náà, nítorí òjò ti sàn ju ti 1980 lọ. Abẹ́ ilẹ̀ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú àlékún náà wà. Nítorí náà, ẹni tó bá ní adágún ti gbẹ tán kò sọ òótọ́.

ALAU

Láàrin 1984 sí 1986 ni wọ́n kọ́ dáàmù Alau sórí Ngadda, láti gba 112 mílíọ̀nù mítà kúbíìkì omi fún ìlú wa. Omi rẹ̀ bo apá kan ìlú ní 1994. Ní òru ọjọ́ 9 mọ́jú ọjọ́ 10, oṣù Kẹsàn-án, 2024, ó ya. Omi wọ ààfin Shehu, ọjà, ilé ìwòsàn àti ọgbà ẹranko. Ẹ̀mí ṣòfò, ọ̀kẹ́ àìmọye sì di aláìnílé. Ní 2025 ni iṣẹ́ àtúnkọ́ bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ará Ìbàdàn láàárín wa kò gbàgbé omíyalé Ògùnpa, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, 1980. Ẹ̀kọ́ kan náà ni. Ilẹ̀ tí a ti gé igi rẹ̀ tán kì í mu omi mọ́. Ojú odò tí a kọ́lé tí a sì da ilẹ̀ sí kì í gba omi kọjá. Dáàmù tí a kò tún ṣe lákòókò kì í kéde ọjọ́ tí yóò ya. Àgbàrá kò lóun ò ní wólé, onílé ni kò ní gbà fún un.

Ẹ jẹ́ kí a tọ́jú igi dóńgóyárò àdúgbò wa. Kí a má da ilẹ̀ sí Ngadda. Kí ẹ̀rọ kànga wa má máa ṣàn lásán. Kí a sì máa fi ohùn kan béèrè lọ́wọ́ ìjọba, kí òjò tó dé lọ́dọọdún: ta ló yẹ dáàmù wò, kí ló sì rí?

Kí Elédùmarè má jẹ́ kí òùngbẹ pa wá, kó má sì jẹ́ kí omi gbé wa lọ. Àṣẹ.