Àṣìṣe òpin ìrántí nínú àyẹ̀wò ààbò ìkànnì

Àṣìṣe òpin ìrántí nínú àyẹ̀wò ààbò ìkànnì jẹ́ ìdádúró òjijì tí ó máa ń bá ètò tí ń wá kóòdù aṣèjàmbá nínú àwọn fáìlì ìkànnì, nígbà tí ètò náà bá ti lo gbogbo ìrántí tí a yọ̀ǹda fún un. Ó wọ́pọ̀ lórí àwọn ìkànnì tí a fi èdè PHP kọ, pàápàá àwọn tí ń lo WordPress, tí Matt Mullenweg àti Mike Little gbé jáde ní ọdún 2003. Àṣìṣe náà fúnra rẹ̀ kò túmọ̀ sí pé olè orí ayélujára ti wọlé. Ewu rẹ̀ ni pé àyẹ̀wò tí ó dúró lójú ọ̀nà kò ì tíì wo gbogbo ilé, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ni ìkànnì lè rò pé ó ti wò ó tán.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀

Ìrántí tí a ń sọ níhìn-ín kì í ṣe ibi tí a ń kó fáìlì pamọ́ sí. RAM ni, ibi tí kọ̀ǹpútà ń tẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí, tí ó sì ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́ nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Àyè ìpamọ́ ìkànnì lè ṣófo rẹpẹtẹ, kí ìrántí sì tán pátápátá. Nítorí àìmọ ìyàtọ̀ yìí ni àwọn kan ṣe ń sanwó fún àyè ìpamọ́ tí ó tóbi jù, tí àṣìṣe náà kò sì kúrò.

PHP, tí Rasmus Lerdorf bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1994, ní òdiwọ̀n kan tí ń jẹ́ memory_limit. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti má ṣe jẹ́ kí ojú-ewé kan ṣoṣo jẹ gbogbo ìrántí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ìkànnì ń gbé lórí rẹ̀, mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́. Bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà, mẹ́gábáìtì 128 ni. Ètò tí ó bá fẹ́ kọjá ibẹ̀, PHP yóò dá a dúró lójú ẹsẹ̀, yóò sì kọ gbólóhùn yìí sínú àkọsílẹ̀ àṣìṣe:

Allowed memory size of 134217728 bytes exhausted

Nọ́ńbà gígùn yẹn kì í ṣe àdììtú. 128 ni, tí a fi 1,024 sọ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá jẹ́ 268435456 ni a rí, mẹ́gábáìtì 256 ni òpin náà. Bí ó bá jẹ́ 41943040, 40 péré ni. Ó yẹ kí a fara balẹ̀ kà á, nítorí òpin tí ó ń ṣiṣẹ́ gan-an ni ó ń sọ, kì í ṣe èyí tí a rò pé a ti kọ sílẹ̀. Bí a bá ti ṣe àtúnṣe tí nọ́ńbà náà kò yí padà, àtúnṣe wa kò tíì dé ibi tí ó yẹ kí ó dé.

Àyẹ̀wò ààbò wúwo ju kíka ojú-ewé lásán lọ. Ó ní láti ka orúkọ gbogbo fáìlì, kí ó ṣírò àmì ìdánimọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó fi wé ti ojúlówó, kí ó sì wá àwọn àpẹẹrẹ kóòdù aṣèjàmbá nínú rẹ̀. Wordfence, ọ̀kan nínú àwọn ètò àfikún ààbò tí ó gbajúmọ̀ fún WordPress, máa ń béèrè mẹ́gábáìtì 256 fún iṣẹ́ yìí bí a kò bá yí i padà.

Ìbéèrè kan lè wá sọ́kàn ẹni tí ń kọ ìkànnì rẹ̀ ní èdè Yorùbá. Nínú UTF-8, lẹ́tà “a” ń gba báìtì 1, “ẹ” ń gba 3, àmì ohùn orí rẹ̀ sì ń gba 2 sí i, tí “ẹ́” fi di báìtì 5. Síbẹ̀, èyí kò tó ohun tí ń fa àṣìṣe náà: àròkọ gígùn kan tí a fi àmì sí dáadáa kò tó fọ́tò kékeré kan. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí rẹ̀ yọ àmì kúrò lórí ọ̀rọ̀.

Òpin tí ó wà lókè òpin

Lẹ́yìn òdiwọ̀n PHP, WordPress ní tirẹ̀ nínú fáìlì wp-config.php: WP_MEMORY_LIMIT, tí ó máa ń jẹ́ mẹ́gábáìtì 40, àti WP_MAX_MEMORY_LIMIT fún iṣẹ́ alákòóso, tí ó máa ń jẹ́ 256. Ilé-iṣẹ́ tí ń gbàlejò ìkànnì tún lè fi òpin sórí àkáǹtì kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ọ̀pọ̀ oníbàárà bá jọ ń lo sáfà kan. Ayálégbé lè ra àmù ńlá sínú yàrá rẹ̀, ṣùgbọ́n omi tí onílé bá tú sílẹ̀ ni yóò wọ inú àmù náà.

Bí ó bá jẹ́ RAM sáfà gan-an ni ó tán, Linux yóò mú iṣẹ́ kan, yóò sì pa á. PHP kò ní ráyè kọ ohunkóhun sílẹ̀ nígbà náà. Àyẹ̀wò yóò kàn dákẹ́ ni, tàbí kí aṣàwákiri fi àṣìṣe 500 hàn.

Ewu tí ó wà níbẹ̀

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2015, ọjọ́ ìdìbò ààrẹ ní Nàìjíríà, àwọn kan wọ ìkànnì àjọ elétò ìdìbò, INEC, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ tiwọn síbẹ̀. Irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fi pamọ́, gbogbo ayé ni ó rí i. Èyí tí àyẹ̀wò ààbò wà fún ju bẹ́ẹ̀ lọ ni kóòdù tí ó fara pamọ́, tí ó ń kó orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà jáde láìsí ariwo. Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà, tí a fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, fún ẹni tí dátà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní wákàtí 72, lẹ́yìn tí ó bá ti mọ̀, láti fi irú ìjínigbé dátà tí ó lè ṣàkóbá fún àwọn ènìyàn tó àjọ tí ó ń mójú tó o létí. Ẹni tí àyẹ̀wò rẹ̀ ń kú láàárín kò ní tètè mọ̀.

Ìwádìí àti àtúnṣe

Àkọsílẹ̀ àṣìṣe ni a ń kọ́kọ́ ṣí. Gbólóhùn àṣìṣe máa ń dárúkọ fáìlì kan àti ìlà kan, ṣùgbọ́n fáìlì náà lè máà jẹ́ ọ̀daràn. Ẹni tí ó bu ife omi ìkẹyìn nínú àmù ni orúkọ rẹ̀ ń jáde, kì í ṣe ẹni tí ó ti bu korobá mẹ́wàá ṣáájú.

Ká fi ìkànnì ilé-ìtura kan létíkun Àgbádárìgì, ìyẹn Badagry, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ṣe àpẹẹrẹ. Yóò kún fún àwòrán: etíkun, ọkọ̀ ojú omi tí ń kó àlejò lọ sí erékùṣù Gberefu, àti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn ajíhìnrere tí a kọ́ parí ní ọdún 1845. WordPress ń ṣe ẹ̀dà ìwọ̀n oríṣiríṣi láti inú àwòrán kọ̀ọ̀kan, nítorí náà 2,000 àwòrán lè di fáìlì tí ó ju 10,000 lọ. Wọ́n ń mú kí àyẹ̀wò pẹ́. Ohun tí ó sábà máa ń pa á ni fáìlì zip ẹ̀dà àfipamọ́ tí ètò àfikún mìíràn gbé sínú fódà wp-content, tàbí fáìlì error_log tí ẹnikẹ́ni kò nù fún ọdún mélòó kan. A lè kó wọn kúrò níbẹ̀, tàbí kí a sọ fún ètò àyẹ̀wò pé kí ó fò wọ́n.

Níbi fífò yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Láti lè rí àyẹ̀wò parí, wọ́n á ní kí ó fo fódà uploads pátápátá. Fódà yẹn sì ni WordPress ń jẹ́ kí a kọ nǹkan sí, ibẹ̀ sì ni àwọn olè fẹ́ràn láti gbé fáìlì PHP kékeré pamọ́ sí láàárín àwọn fọ́tò. Irú fáìlì ni ó yẹ kí a yọ sílẹ̀, bíi zip, kì í ṣe fódà odindi.

Lẹ́yìn èyí ni a tó ń gbé òpin sókè, sí 256 tàbí 512, nínú php.ini, nínú .user.ini, tàbí láti ojú-ewé alákòóso bíi cPanel. PHP máa ń di ohun tí ó kà nínú .user.ini mú fún ìṣẹ́jú 5, nítorí náà kí a dúró díẹ̀ kí a tó sọ pé kò ṣiṣẹ́. Iye -1 ń mú òpin kúrò pátápátá. Kò yẹ lórí sáfà àjùmọ̀lò. Bí ilé-iṣẹ́ agbàlejò kò bá gbà, Wordfence ní ọ̀nà àyẹ̀wò tí kì í jẹ ohun púpọ̀, tí ó lọ́ra ṣùgbọ́n tí ó ń parí. Ẹni tí ó bá lè tẹ àṣẹ sí sáfà tààrà lè lo wp core verify-checksums, tí ń fi fáìlì ìpìlẹ̀ WordPress wé ojúlówó, àmọ́ kì í wo uploads. Lórí Debian àti Ubuntu, PHP tí a fi àṣẹ pè báyìí kì í ní òpin ìrántí, nítorí náà ni iṣẹ́ tí ó kú nínú aṣàwákiri ṣe lè yọrí níbẹ̀.

Àyẹ̀wò láti orí sáfà

ClamAV kò sí lábẹ́ òdiwọ̀n PHP, ṣùgbọ́n ó ń kó gbogbo àkójọ àmì àrùn kọ̀ǹpútà sínú RAM. Àwọn tí ó ṣe é dámọ̀ràn gígábáìtì 3 ó kéré tán, nítorí náà sáfà olówó kékeré tí ó ní gígábáìtì 1 kò lè gbé e dáadáa. Láti ẹ̀dà 0.103 ti ọdún 2020, ẹ̀dà méjì àkójọ náà máa ń wà nínú ìrántí nígbà tí ó bá ń gba tuntun. Kíkọ “no” síwájú ConcurrentDatabaseReload ń dín èyí kù, àyẹ̀wò yóò sì dúró díẹ̀ títí tí àkójọ tuntun yóò fi wọlé.