Ìgbà Wo Ni Ọmọbìnrin Tó Relé Ọkọ? Àyẹ̀wò Ìtàn Ìgbéyàwó Ọmọdé ní Agbègbè Mowé, Ìbàfò àti Ìfọ̀

Ìfáàrà

Iṣẹ́ yìí dá lé ìgbàgbọ́ àti ìlànà àwùjọ tó wà lẹ́yìn ìgbéyàwó ọmọdébìnrin ní ìgbèríko ilẹ̀ Ẹ̀gbá, pàápàá ní agbègbè Mowé àti Ìbàfò ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, àti ní Ìfọ̀. Àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ a máa sọ pé bí àwọn baba wa ti ṣe é nìyẹn. Ìbéèrè wa ni pé: ṣé bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́?

Fífi ọmọ fún ọkọ

Òótọ́ ni pé láyé àtijọ́, a lè fi ọmọ fún ọkọ láti kékeré. Ó lè jẹ́ láti so okùn ọ̀rẹ́ ìdílé méjì pọ̀, tàbí láti moore. Gbèsè náà lè fà á: ọmọbìnrin tí a fi ṣe ìwọ̀fà lè di aya olówó, kí gbèsè sì parẹ́. Láàrin àwọn Mùsùlùmí, àwọn kan a máa fi ọmọ ṣe sàráà fún àáfà.

Ṣùgbọ́n fífi ọmọ fún ọkọ yàtọ̀ sí gbígbé ìyàwó. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí ó jáde ní 1921, ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni ó tò: yíyan ọmọ náà ní kékeré, ìṣíhùn, lẹ́yìn náà ìgbéyàwó. Ìjọ́hẹn ni àwọn mìíràn ń pe ìṣíhùn. Orúkọ méjèèjì fi hàn pé àṣà fúnra rẹ̀ ń retí ohùn ọmọbìnrin náà, bí agbára òbí tilẹ̀ lè bò ó mọ́lẹ̀.

Òṣùwọ̀n ara

Kí ni a fi ń mọ̀ pé ọmọ ti tó gbé? A kì í ka ọdún. Ara ni a ń wò. Bí ọmọ bá ti yọ ọyàn, ẹ̀rù a máa ba òbí pé ó lè sọ ìbálé nù tàbí kí ó lóyún sílé, kí ìtìjú sì bá gbogbo ẹbí.

Ìjọba amúnisìn náà lo òṣùwọ̀n yìí. Nígbà tí owó-orí dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1918, láti ọmọ ọdún 15 ni obìnrin ti ń san án, ti ọkùnrin sì jẹ́ ọdún 16. Àwọn agbowó-orí a máa tú aṣọ ọmọdébìnrin láti wò bóyá ó ti tó san. Ó wà lára ohun tí Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì àti Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta bá jà ní 1947 sí 1948, títí Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. Ohun tí àwọn ìyá kọ̀ lọ́wọ́ agbowó-orí, kò yẹ kí òbí máa fi sin ọmọ lọ sílé ọkọ.

Ilé-ẹ̀kọ́ àti òfin

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní 1955 mú òṣùwọ̀n mìíràn wá: ọdún àti kíláàsì. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí a ṣí ní 1978, gba Ìbàfò àti Mowé kọjá, ó sì sọ abúlé di ìlú ọlọ́jà. Síbẹ̀, ìṣẹ́ àti oyún àìròtẹ́lẹ̀ ṣì lè sọ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ di ìyàwó.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ògùn sọ di tirẹ̀ ní 2006, kọ ìgbéyàwó ẹni tí kò tó ọdún 18. Òfin ìjọba àpapọ̀ náà la ìtanràn ẹgbẹ̀rún lọ́nà 500 náírà, ẹ̀wọ̀n ọdún 5, tàbí méjèèjì kalẹ̀. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ṣì ka obìnrin tó ti lọ́kọ sí àgbà ní abala 29. Ìgbìyànjú láti yọ gbólóhùn náà já sí pàbó nílé Aṣòfin Àgbà ní 2013.

Àgbálọgbábọ̀

Olùkọ́ tó bá kàn sọ fún òbí pé àṣà rẹ̀ burú yóò bá ilẹ̀kùn títì pàdé. Kí ó bi í léèrè ìṣíhùn: ohùn ta ni a gbọ́? Kí ó sì máa yẹ ìwé orúkọ wò. Bí ọmọbìnrin bá pa ilé-ẹ̀kọ́ jẹ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ó tètè lọ sílé wọn kí a tó dá ọjọ́ ìdána, nítorí lẹ́yìn ìdána, ọ̀rọ̀ ti di ti ẹbí méjì.