Oṣù Méje Tí Wọ́n Fi Ti Twitter Pa

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fòfin de Twitter. Ọjọ́ méjì ṣáájú ni ilé-iṣẹ́ náà yọ ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Buhari kọ síbẹ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n ta ni kò rántí pé níbẹ̀ náà ni àwọn ọ̀dọ́ ti ké gbàjarè EndSARS ní ọdún 2020?

VPN ni wọ́n fi gba ẹ̀bùrú wọlé. Mínísítà ètò ìdájọ́ ní kí wọ́n fi ẹni tó bá rúfin jófin. Òfin wo? Ilé aṣòfin kò ṣe irú rẹ̀.

SERAP àti ọmọ Nàìjíríà 176 gbé ìjọba lọ sí kóòtù ECOWAS. Ní oṣù keje ọdún 2022, oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣí Twitter padà, adájọ́ ní ìfòfindè náà kò bófin mu.