Bí A Kò Bá Rí Àdán: Ẹ̀kọ́ Ìtàn Láti Ara Àwọn Ọkọ̀ Òfuurufú Àwòkọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a kò bá rí àdán, a fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Òwe yìí kan òpìtàn ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ, nítorí pé nígbà púpọ̀, ojúlówó ohun tí ó fẹ́ yẹ̀ wò ti bàjẹ́ tàbí kí ó ti sọnù, kí ó sì ku ẹ̀dà nìkan. Ìbéèrè wa ni èyí: ǹjẹ́ ẹ̀dà lè jẹ́ ẹlẹ́rìí tòótọ́? A ó kọ́kọ́ mú àpẹẹrẹ wa láti inú sinimá apanilẹ́rìn-ín kan, kí a tó padà wá sí Ilé-Ifẹ̀.

Ní ọdún 1965 ni sinimá tí a ń pè ní Those Magnificent Men in Their Flying Machines jáde. Ken Annakin ni ó darí rẹ̀. Ìtàn inú rẹ̀ dá lórí ìdíje òfuurufú láti Lọ́ńdọ̀nù sí Páríìsì ní ọdún 1910, tí ẹni tí ó bá borí yóò gba £10,000. Ní ọdún 1910, ọdún méje péré ni ó tíì kọjá tí àwọn arákùnrin Wright ti kọ́kọ́ fò ní Amẹ́ríkà. Igi, wáyà àti aṣọ ni wọ́n fi ń kan ọkọ̀ òfuurufú nígbà náà. Nígbà tí ó fi di ọdún 1964 tí wọ́n ń ya sinimá náà ní Booker ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó kù nínú wọn, kò sì sí ẹni tí yóò fi irú ohun iyebíye bẹ́ẹ̀ wewu. Nítorí náà wọ́n kan àwọn tuntun ní àwòkọ ti àtijọ́. Allen Wheeler, ọ̀gá àgbà kan tẹ́lẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun òfuurufú, ni ó bojú tó iṣẹ́ náà. Igi àti aṣọ kò yí padà, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì òde òní ni wọ́n lò.

Níbi iṣẹ́ yìí ni wọ́n ti rí ohun tí ìwé kò sọ fún wọn. Ẹ́ńjìnnì tí agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 90 ni wọ́n fi sí ẹ̀dà Bristol Boxkite, síbẹ̀ agbára káká ni ó fi ṣe tó ohun tí ẹ́ńjìnnì Gnome àtijọ́, ti ẹṣin 50, ń ṣe. Abẹ̀bẹ̀ ńlá tí ń yí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni Gnome ń lò, irú rẹ̀ ni ó sì bá ọkọ̀ tí kì í sáré mu.

Ti Demoiselle tilẹ̀ yani lẹ́nu jù. Alberto Santos-Dumont, ọmọ ilẹ̀ Bùràsíìlì, ni ó kọ́kọ́ ṣe ọkọ̀ kékeré yìí. Ẹ̀dà rẹ̀ kò lè ṣe ju kí ó tọ díẹ̀ kúrò nílẹ̀. Wọ́n mú kí apá rẹ̀ gùn sí i, wọ́n fi ẹ́ńjìnnì tí ó lágbára jù sí i, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Wheeler ni ó wá rántí pé ènìyàn kúkúrú, tí kò wúwo, ni Santos-Dumont. Wọ́n wá Joan Hughes, obìnrin tí ó kéré lára, tí ó ti wa ọkọ̀ òfuurufú nígbà ogun àgbáyé kejì. Nígbà tí ó gun Demoiselle, ó fò dáadáa. Ara ẹni tí ó ṣe ọkọ̀ náà wà nínú ìṣirò rẹ̀. A kò bá máà mọ̀ bí a kò bá tún un ṣe.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe da ọkọ̀ pọ̀ mọ́ sinimá. Ẹni tí ó bá wo sinimá nìkan yóò rò pé aláwàdà ni àwọn atukọ̀ ìgbà náà. Ẹ̀dà níye lórí nítorí pé Wheeler kọ ìwé ní ọdún 1965 lórí bí wọ́n ṣe kàn wọ́n. Boxkite àti Avro Triplane sinimá náà wà ní Shuttleworth Collection ní Old Warden. Láti ọdún 1910 sí 1964 jẹ́ ọdún 54. Ní ọdún 2018, àwọn ẹ̀dà wọ̀nyí náà ti pé ọdún 54. Ẹ̀dà ti di ohun àtijọ́ fúnra rẹ̀.

Wàyí o, ní òpin ọdún 1910 kan náà ni Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀, tí ó rí orí idẹ tí a ń pè ní orí Olókun. Ó fẹ́ gbé e lọ, ṣùgbọ́n wọ́n gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1949, Leon Underwood àti William Fagg kọ̀wé pé ẹ̀dà ni orí tí ó wà ní Ifẹ̀, nítorí pé, lójú tiwọn, inú yanrìn ni a ti rọ ọ́. Àwọn ọmọ-ọnà Ifẹ̀ àtijọ́ a máa fi ìda mọ ère, wọn a fi amọ̀ bò ó, wọn a yọ́ ìda jáde, kí wọn tó da idẹ gbígbóná sí ipò rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi ń pe orí náà ní ẹ̀dà, títí àwọn onímọ̀ tí wọ́n tún un yẹ̀ wò fi kọ̀wé ní ọdún 2013 pé ojúlówó ni. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀nà tí a gbà ṣe é ni àríyànjiyàn náà dá lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ̀dà tí a kò kọ orúkọ ẹni tí ó ṣe é, ọdún tí a ṣe é, ohun tí a fi ṣe é àti ohun tí a yí padà lára rẹ̀, yóò da àwọn ọmọ wa láàmú lọ́la. Nítorí náà, bí a bá ní kí ọmọ ilé-ìwé mọ ère tàbí kí ó hun aṣọ bí ti àtijọ́, ẹ jẹ́ kí ó kọ ìròyìn iṣẹ́ náà tì í. Kò sí ìtìjú nínú fífi òòbẹ̀ ṣẹbọ, bí a kò bá ti pè é ní àdán.